Ta ló kọ́kọ́ fúnni lẹ́bùn Kérésìmesì? Ọmọ mi ọdún méje ń béèrè, Kúbwà l'Abùjá la wà. Ìtàn wo ni kí n sọ fún un?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Nicholas, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Myra ní ọ̀rúndún kẹrin. Ilẹ̀ Tọ́kì ni ibẹ̀ wà lónìí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní bàbá kan ní ọmọbìnrin mẹ́ta, kò sì lówó tí yóò fi fa wọ́n fọ́kọ. (Lọ́dọ̀ wọn, ilé ìyàwó ló ń sanwó o, kì í ṣe ilé ọkọ bíi tiwa. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ á rú u lójú.) Nicholas fi òru bojú, ó ju àpò wúrà wọlé lójú fèrèsé. Àwọn tó tún un sọ lẹ́yìn náà ní inú ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n sá síbi iná ló bọ́ sí; wọ́n ní ibẹ̀ ni ìbọ̀sẹ̀ Kérésì, èyí táwọn ọmọ máa ń gbé kọ́ de ẹ̀bùn, ti wá.

Àgbọ̀nrín mẹ́jọ tó ń fò lójú ọ̀run, àwọn tí wọ́n ní ó ń fa ọkọ̀ Bàbá Kérésì, kò sí nínú ìyẹn. Ewì kan tí ìwé ìròyìn gbé jáde ní New York lọ́dún 1823 ló sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Àwọn amòye inú Mátíù orí 2 náà wà, àwọn tó gbé wúrà, tùràrí àti òjíá wá. Bíbélì kò sọ pé mẹ́ta ni wọ́n. Ní Sípéènì, àwọn ni wọ́n ń sọ fọ́mọdé pé ó ń kó ẹ̀bùn wá, tàwọn ti ràkúnmí wọn. Tèmi ni pé kí ẹ lo èyí: ọmọ tó ń gbé l'Àríwá mọ ràkúnmí ju yìnyín lọ.