Ìrora rẹ kì í ṣe àfọwọ́fà

Àbúrò mi tó fi orúkọ bò,

O kọ̀wé pé ara ń ro ẹ́ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, oorun kì í tó ẹ, bí ọmọ rẹ bá sì dì mọ́ ẹ, ńṣe ló máa ń ṣe ẹ́ bíi kó o kígbe. Dókítà sọ pé fibromyalgia ni, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí gbogbo ara máa roni, àmọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti X-ray ò gbé nǹkan kan jáde. Ni ìyá ọkọ rẹ bá ní ọ̀lẹ ni ẹ́, ọkọ rẹ náà sì ti ń gbà bẹ́ẹ̀. O wá bi mí bóyá ò ń finú rò ó lásán ni.

O ò finú ro nǹkan kan lásán. Ọpọlọ àti iṣan tó ń gbé ìrora ló ń ṣiṣẹ́ àṣejù, bíi rédíò tí wọ́n yí sókè jù: ohùn kékeré á máa dún gooro. Eegun ni X-ray ń wò, kò lè rí irú èyí. Ní 2002, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ àtàǹpàkò àwọn tó ní àìsàn yìí àti ti àwọn tára wọn le, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn. Nǹkan bí ìdajì agbára tí wọ́n fi tẹ ẹni tára ẹ̀ le ti tó láti mú aláìsàn jẹ̀rora bákan náà. Ọpọlọ wọn fi í hàn kedere. Jọ̀ọ́, ka ibí yìí sí ọkọ rẹ létí.

Ibuprofen tó o ń lò lójoojúmọ́ yẹn ń kọ mí lóminú. Kì í sábà kápá irú ìrora yìí, ó sì lè ba inú àti kíndìnrín jẹ́. Béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá oògùn amitriptyline díẹ̀ lálẹ́ á bá ẹ lára mu. Ó máa ń jẹ́ kí àwọn kan sùn dáadáa. Kó yẹ tairọ́ọ̀dù rẹ, ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn, wò pẹ̀lú.

Nínú ìmọ̀ràn tí àwọn dókítà oríkèé nílẹ̀ Yúróòpù gbé jáde lórí àìsàn yìí ní 2016, eré ìdárayá nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí gbágbáágbá, kì í ṣe oògùn kankan. Rọra máa rìn, ìwọ̀nba tí ò ní dá ẹ dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bó bá yá, fi díẹ̀ kún un.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, má bá wọn jiyàn. Ọmọ wọn ni kó lọ ṣàlàyé fún wọn, kó sì ṣe é lọ́sẹ̀ yìí.