Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Oyè ló kún inú ìwé, mi ò rí bàbá mi níbẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá àwa òǹkàwé. Bàbá wa ló papò dà lóṣù tó kọjá, a sì fẹ́ sin wọ́n ní ìparí oṣù yìí níbí l'Ókè-Adó, Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni àgbà nínú àwa obìnrin, èmi náà ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn tó máa wà nínú púrógíráàmù. Sọ́ọ̀ṣì ti kọ tiwọn wá, ojú ewé méjì gbáko: díákónì, akápò, alága ẹgbẹ́ ọkùnrin, alága mítìn àdúgbò. Mo kà á tán, mi ò rí bàbá mi níbẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà wá ní tó bá jẹ́ òótọ́ la fẹ́ kọ, ká kọ ọ́ pé àwọn ará ìta ló ni Bàbá, pé ọjọ́ tí òun ṣe matriculation ní LAUTECH, ìdí kátápílà tó ń tún ọ̀nà àdúgbò wa ṣe ni wọ́n dúró sí. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ nílé. Mo ti gbìyànjú kọ tèmi, òun ni mo fi ránṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó. Kí la máa kọ, kí la máa fi sílẹ̀? — Ọmọ Bàbá Télọ̀

ÌDÁHÙN: Ọmọ Bàbá Télọ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù, ẹ̀yìn Bàbá á dára. Mo ka ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo dẹ̀ rí i pé ẹ ti kọ ọ́ tán, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé kìíní yín, níbi tí ẹ ti sọ ti yúnífọ́ọ̀mù. Ẹ ní tí ìyá kan bá mú ọmọ wá kí wọ́n gé ṣòkòtò kákí fún un, Bàbá máa ń fi ìṣẹ́tí tó tó ìka mẹ́rin sílẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á ká a sínú, wọ́n á fi òwú rán an wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ọmọ bá ti ga lọ́dún kejì, ìyá ẹ̀ á mú ṣòkòtò padà wá, Bàbá á tú u, wọ́n á fi ayọ́ọ̀nù eléèédú tẹ ojú ibi tó ká, wọn ò dẹ̀ ní gba kọ́bọ̀. Ẹ ní àwọn ọmọ àdúgbò máa ń dá ara wọn mọ̀ nílé ìwé torí ibi tí wọ́n tú yẹn máa ń pọ́n ju ìyókù lọ, oòrùn ò tíì kàn án rí. Ha! Ẹ kọ irú èyí tán, ẹ wá sáré kọjá lọ sórí akápò. Ẹ gbé e wá sókè jàre, òun gan-an ni kó bẹ̀rẹ̀ ìwé. Àwọn tó wọ ṣòkòtò yẹn ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, wọ́n máa jókòó sábẹ́ kánópì lọ́jọ́ náà, tí wọ́n bá kà á wọ́n máa wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Oyè sọ́ọ̀ṣì ò burúkú o, ẹ tò ó sí ìlà méjì péré, ó tó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí èèyàn rí ìgbàgbọ́ Bàbá, ti òru Sátidé ṣáájú Kérésì tí ẹ sọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ, pé aṣọ ọdún ṣì gogoro nílẹ̀, oníbàárà jókòó tì wọ́n, aago lu méjìlá, ọwọ́ Bàbá dúró lórí ẹ̀rọ, wọ́n ní "ilẹ̀ Olúwa ti mọ́", wọ́n da aṣọ bò ó, ó di aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ajé. Oníbàárà bínú lọ, ó tún padà wá. Ẹ kọ ti oníbàárà tó bínú yẹn mọ́ ọn, ẹ má yọ ọ́ o.

Ó wá ku àwọn ibi tí mo fi bírò pupa sí, ẹ má bínú, olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé Ghana Must Go ló lé Bàbá kúrò ní Tamale, ní Gánà. Rárá o, àwa la sọ fún àwọn ará Gánà kí wọ́n máa lọ ní 1983, láyé ìjọba Shagari, ibẹ̀ ni àpò yẹn ti gba orúkọ. Ti Bàbá yín ṣáájú ìyẹn. Ìjọba Busia ní Gánà ló pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé àlejò tí ò bá ní ìwé ìgbélùú, kó gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kúrò nílùú. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tó jẹ́ pé bàbá ẹ̀ ló ti ń ta wóróbo níbẹ̀, tó ti kọ́lé, tó ti bímọ síbẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú àwọn tọ́rọ̀ yìí kàn, torí ọ̀nà òwò wọn nìyẹn láti ìgbà pípẹ́, àwọn dẹ̀ ni wọ́n gbé ìjọ Baptist dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Gánà, bí wọ́n ṣe ń na ọjà ni wọ́n ń pàdé fún ìsìn. Nítorí náà ti Gánà kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo o. Ẹ fi ibi tí Bàbá ti gbé orí ẹ̀rọ Singer nìkan wálé sí i, tí wọ́n fi ìró ìyá yín wé e bí ọmọ tuntun, ẹsẹ̀ irin ẹ̀ wúwo lọ́kọ̀ ni wọ́n ṣe fi sílẹ̀, káfíńtà kan wá fi igi kan tábìlì sí i nídìí, ọwọ́ ni wọ́n dẹ̀ fi ń yí i títí. Mo fẹ́ràn ìró yẹn gan-an. Ẹ bi Màmá bóyá ó ṣì wà.

Nígbà tí wọ́n wá dé yẹn, ẹ kọ "Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́". Kò tíì sí nígbà yẹn, Western State là ń jẹ́, 1976 ni wọ́n pín in. Ẹ tún ní wọ́n bí yín sí Bowen Teaching Hospital ní 1972. Yunifásítì Bowen fúnra ẹ̀, ọdún 2001 ló gbàwé àṣẹ, ọsibítù Baptist ni gbogbo wa mọ ibẹ̀ sí, ó dẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti 1907. Ẹ lè rò pé kékeré ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ máa di ìwé yìí mú bí ẹ̀rí. Bákan náà ni ti ọjọ́ orí. Ẹ̀yin kọ 84, sọ́ọ̀ṣì kọ 90. Mo fura pé ìwé ìrìbọmi ni wọ́n fi ṣèṣirò tí wọ́n sì ṣì í, torí ní Baptist, ẹni tó ti gbọ́njú tó fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ ni wọ́n ń rì bọmi, kì í ṣe ọmọ ọwọ́, ọdún ìrìbọmi ò lè sọ ọdún ìbí. Tí Màmá bá ní Bàbá ti tó ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nígbà tí wọ́n dé, ẹ kọ "nǹkan bíi 1940" kẹ́ ẹ sinmi. Àṣà ká máa fi ọdún kún ọjọ́ orí òkú kí pósítà lè dùn ún wò, mi ò fara mọ́ ọn.

Ó ku ẹnì kan. Níbo ni ìyá yín wà? Mo wá a títí, ìparí ni mo ti rí "ó fi aya àti ọmọ mẹ́fà sáyé lọ". Mítìn àdúgbò tí wọ́n ń ṣe ní pálọ̀ yín láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ta ló ń ro ọ̀kà fún gbogbo wọn? Ìlú tí wọ́n ń kì ní ibi tí wọ́n ti ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan, ẹ wá fẹ́ sọ̀tàn alága kẹ́ ẹ má dárúkọ ẹni tó di orógùn mú!

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ni mo fi sẹ́yìn torí òun ló nira. Ẹ má pa á lẹ́nu mọ́ o. Ohun tó dùn ún yẹn ṣẹlẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n tún ṣe yẹn náà dẹ̀ wà níbẹ̀ dòní, méjèèjì ló jẹ́ ti bàbá kan náà. Àmọ́ kì í ṣe inú ìtàn ìgbésí ayé ló máa gbé e sí, ẹ fún un lójú ewé tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére àwọn ọmọ, kó kọ ọ́ bó ṣe rí lára ẹ̀, kó bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ kàn bi í ní ìbéèrè kan kó tó bẹ̀rẹ̀: aṣọ tó wọ̀ lọ síbi matriculation yẹn, ta ló rán an? Mi ò mọ ìdáhùn o, bóyá ọjà ló ti rà á. Ẹ ṣáà bi í.

Kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ ka orúkọ gbogbo ẹni tó gbé inú ilé yín rí sétí Màmá. Nígbà tí bàbá tèmi lọ, a sáré tẹ púrógíráàmù, orúkọ ọmọkùnrin kan tí wọ́n tọ́ dàgbà láti kékeré fò wá. Mo rí i lọ́jọ́ ìsìnkú tó dúró sẹ́yìn kánópì, ó ń ṣí ìwé náà síwájú sẹ́yìn, ó ka orúkọ àwọn ọmọ, ó tún padà kà á. Kò sọ nǹkan kan. Ó pa ìwé náà dé, ó lọ bá wọn gbé àga.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, alfa ni bàbá wa, wọ́n ti máa pé ọdún kan láìpẹ́. Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, a ò tíì ṣe nǹkan kan. Àwọn kan nínú wa ní ká pa màlúù, àwọn kan ní ká gbẹ́ kànga fún àdúgbò. — Ọmọ Alfa, Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ọmọ alfa lẹ yẹ kẹ́ ẹ kọ́ mi! Hádíìsì tó wà nínú ìwé Sahih Muslim sọ pé téèyàn bá kú, iṣẹ́ ẹ̀ dúró àfi mẹ́ta: sàráà tó ń ṣàn lọ, ìmọ̀ tí wọ́n ń jàǹfààní ẹ̀, àti ọmọ rere tó ń ṣàdúà fún un. Ọjọ́ kan ni ẹran màlúù máa gbé, nítorí náà ti kànga ni mo tẹ̀ sí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ rìn yíká àdúgbò yín ná. Bí mo ṣe mọ àdúgbò wa, ẹ máa rí ọ̀kan tàbí méjì tí wọ́n kọ orúkọ òkú sí lára, tí pọ́ǹpù ẹ̀ ti kú, tí ewúrẹ́ ń sùn lórí ẹ̀. Títún ọ̀kan ṣe máa dínwó ju gbígbẹ́ tuntun lọ. Ẹ dẹ̀ jẹ́ ká gbọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ ẹ̀ àti ẹni tí á máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ tó pe oníkànga rárá.