Èsì: ìpìlẹ̀ kan kò tó fún ẹ̀rí yìí
Ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè yín ni láti fi hàn pé iye ẹja yòówù (n), láti 12 lọ, ṣeé pín sínú apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́ja 4 àti ẹlẹ́ja 5 ní ọjà Ẹ̀pẹ́ láìṣẹ́kù. Ẹ lo ẹ̀rí ìgbésẹ̀-dé-ìgbésẹ̀ (induction): a yẹ àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ wò fúnra wọn, ìyẹn ìpìlẹ̀, a sì ti ara nọ́ńbà tó ṣáájú dé n. Ohun tó dá ẹ̀rí yín dúró ni pé n−1 nìkan ni ẹ gbà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́, nígbà tó jẹ́ pé n−4 ni ìṣirò náà nílò. Gbogbo nọ́ńbà láti 12 títí dé n−1 ni kí ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ̀rí náà ṣe yẹ kó rí nìyí:

1. Ìpìlẹ̀: 12=4+4+4, 13=4+4+5, 14=4+5+5, 15=5+5+5.
2. Láti 16 lọ, n−4 kò kéré sí 12, nítorí náà ó ti ṣeé pín. Ẹ fi apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́ja 4 kan kún un.

Ẹ má ṣe fo ìpìlẹ̀ kankan: bí 15 kò bá sí níbẹ̀, 11 ni yóò gbára lé, 11 kò sì ṣeé pín rárá. Bí ó bá jẹ́ pé n−1 nìkan ni ìgbésẹ̀ nílò, ọ̀nà tí ẹ kọ́kọ́ lò tó.