Ọ̀dà àpótí oyin: ìta nìkan ni kí ẹ kùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu. Ẹ ní àwọn àpótí oyin tí ẹ fẹ́ gbé sí ọgbà ẹ̀yìnkùlé ti délé, pé káfíńtà sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n po oògùn ikán mọ́ kùn wọ́n tinú-tẹ̀yìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà fún un. Ṣábẹ níbí ni mo ti ń sin oyin, lẹ́yìn ilé tí èmi àti àwọn ọmọ ń gbé, ojú mi sì ti rí nǹkan nídìí ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí.

Inú àpótí kò gbọdọ̀ rí ọ̀dà rárá. Oyin fúnra wọn ní ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé: oje igi ni wọ́n ń kó wá, wọ́n á fi dí ihò, wọ́n á fi pa ara pákó títí yóò fi máa dán. Oògùn tó ń pa ikán á pa oyin náà. Ikán tí à ń sá fún, láti ilẹ̀ ló ń gùn wá. Ẹ gbé àpótí lé ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ agolo tí ẹ bu epo mọ́tò tó ti dọ̀tí sí. Èèrà pàápàá ò ní lè kọjá, tí ẹ bá ti ń gé koríko tó bá ga dé ara àpótí.

Ti dúdú yẹn gan-an ló ń dùn mí. Káfíńtà kan gbé irú rẹ̀ wá fún mi rí, ó ti kùn ún tán kó tó dé. Nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn mú, ẹ ò lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí rẹ̀ lọ́sàn-án. Oyin jáde, wọ́n so jọ wọ̀ǹtì-wọ̀ǹtì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ̀ wọn ò wọlé. Lọ́jọ́ kan, mo rí i tí oyin ń kán láti ẹnu ihò. Nígbà tí mo ṣí i, afárá ti já kúrò lára igi òkè, wọ́n wó lu ara wọn tọmọtọmọ, èèrà sì ti kún ibẹ̀. Àwọn tó kù ṣí lọ. Àpótí funfun tó wà nítòsí rẹ̀, oòrùn kan náà ló ń pa á, omi ni oyin tirẹ̀ kàn ń pọn láti fi tu ilé lára. Ooru tó tó ìwọ̀n bíi 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ọmọ oyin ń fẹ́. Ìda tí wọ́n fi ń mọ afárá ò ní yọ́ kó tó kọjá 60, ṣùgbọ́n ó ti ń rọ̀ tipẹ́ kó tó débẹ̀, afárá tó kún fún oyin sì wúwo.

Nítorí náà, funfun tàbí àwọ̀ míì tó mọ́lẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò ni kí ẹ rà, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ibi tí ayùn ti gé pákó ni kí ẹ jẹ́ kó mu ọ̀dà jù, torí ibẹ̀ ni òjò ń gbà wọ igi. Ẹ ṣe é nígbà ọyẹ́, kí ẹ ṣí i sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí òórùn ọ̀dà yóò fi lọ pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìda àti koríko ọba ra inú rẹ̀, oyin á wá.

Bí àwọn àpótí bá tò sún mọ́ra, ẹ fi àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sókè ẹnu ọ̀nà wọn, kí oyin má ṣìlé. Karl von Frisch, ọ̀mọ̀wé ará Austria tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973, ló fi hàn pé oyin mọ àwọ̀: búlúù àti ìyeyè hàn sí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n pupa ò yàtọ̀ sí dúdú lójú wọn. Ẹ má fi owó ra pupa.

Èyí tí oyin bá ti wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má gbé búrọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọn. Oyin tiwa níbí kì í gba ìyọlẹ́nu, títa ni wọ́n ń ta. Ẹ kun òmíràn, kó gbẹ, kí ẹ wá kó wọn sínú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn tó jáde ti wọlé. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún ará ilé àti aládùúgbò, kí ẹ sì tú ewúrẹ́ èyíkéyìí tó bá wà lórí ìso nítòsí, torí èyí tí a so mọ́lẹ̀ ò ní ríbi sá sí.