Kí ẹ tó fi kún yàrá ajá amọ̀nà, ẹ ka àwọn tó máa mú ajá jáde

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ ajá amọ̀nà, ajá tó ń mú afọ́jú rìn, tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ níbí ní Amẹ́ríkà ti rí ilẹ̀ gbà kún ti tẹ́lẹ̀, pé olówó kan fẹ́ kí ẹ sọ yàrá ajá di ìlọ́po méjì, ẹ wá ń béèrè ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Mo fọ ilé ajá kí n tó di olùkọ́ ajá, ojú mi ló sì ṣe nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ ń kọ́ ilé tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí yàrá. Iye olùkọ́ tí ẹ ní àti ìgboro tó wà nítòsí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí ajá bá ti kúrò lọ́dọ̀ ìdílé tó tọ́ ọ dàgbà, tó ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún kan, oṣù mélòó kan ló máa lò lọ́wọ́ olùkọ́ kí afọ́jú tó wá bá a. Láàárín àkókò yẹn, ó gbọ́dọ̀ máa jáde. Ojú títì ló ti ń kọ́ bí a ṣe ń dúró létí gọ́tà, bí a ṣe ń yà fún ẹ̀ka igi tí òun fúnra rẹ̀ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ṣùgbọ́n tó máa gbá ẹni tó ń mú rìn lójú. Ojú títì náà ló ti ń kọ́ pé tí wọ́n bá ní kó máa lọ, tí ọkọ̀ sì ń bọ̀, kó kọ̀ jálẹ̀. Kò sí pápá tó lè kọ́ ọ ní ìyẹn. Bí ẹ bá kọ́ 100 yàrá, tí olùkọ́ yín kò lè mú ju 60 ajá jáde lójúmọ́, 40 yóò máa wo ògiri. Mo ti rí irú ajá bẹ́ẹ̀: á máa yí po lójú kan, á máa lá ẹsẹ̀ títí irun ibẹ̀ á fi re.

Ọmọ iṣẹ́ sì máa ń lò tó ọdún 3 kó tó di olùkọ́ tó lè dá dúró, kíkọ́ ilé kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Torí náà, ẹ gba ọmọ iṣẹ́ kí ẹ tó gba kọngilá. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti bẹ olówó pé kó san owó oṣù, nítorí kò sí ògiri tí ẹ máa kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ẹ bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ wo The Seeing Eye, ilé ẹ̀kọ́ ajá amọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ ní Nashville ní 1929 kó tó kó wá sí New Jersey. Ilẹ̀ wọn wà lẹ́yìn ìlú, ṣùgbọ́n ìgboro Morristown ni àwọn ajá ti ń gba ẹ̀kọ́, ère Morris Frank, afọ́jú tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, àti ajá rẹ̀, Buddy, sì wà láàárín ìlú náà. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, Guide Dogs for the Blind, ti wà ní San Rafael, California, láti 1947. Ní 1995 wọ́n ṣí ọgbà kejì sí Boring ní Oregon, ibi tí Portland kò ti jìnnà, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì àti rélùwéè rẹ̀. Lójú tèmi, ilé kékeré kan láàárín ìgboro, tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi fún ajá, àga fún afọ́jú tó ń dúró de àsìkò tirẹ̀, àti àyè bọ́ọ̀sì, sàn fún yín ju éékà ilẹ̀ tuntun lọ.

Tó bá wá kan yàrá ajá, ariwo ni ọ̀tá. Gbígbó nínú ilé ajá lè kọjá 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí n kò dárúkọ yẹn, ògiri sìmẹ́ǹtì lásán ni wọ́n mọ, àwọn ilẹ̀kùn onírin sì dojú kọ ara wọn. Bí ọ̀kan bá gbó, gbogbo wọn á gbè é. Àwọn ajá kì í sùn dáadáa, ìgbẹ́ wọn kì í le, àwa òṣìṣẹ́ sì ń di etí wa. Nígbà tí wọ́n fi pákó tó ń gba ariwo mọ́ra, tó ṣeé fọ̀, sí àjà, tí wọ́n sì dí ojú àwọn ilẹ̀kùn náà kí ajá má lè rí ara wọn, ilé náà rọlẹ̀.

Gọ́tà ńkọ́? Ẹ má gbà kí gọ́tà kan gba inú yàrá kan dé òmíràn. Ajá kan á ya ìgbẹ́ gbuuru, omi rẹ̀ á ṣàn lọ sẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní ihò omi tirẹ̀, kí ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, kó má sì yọ̀. Ibi tí ẹ máa ya aláìsàn sọ́tọ̀ sí gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn àti afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ ajá ni òṣìṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òwúrọ̀, ọ̀dọ̀ aláìsàn ló ń parí rẹ̀ sí, kó má baà gbé àrùn kiri. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà inú ọgbà tẹ̀ lé ètò yẹn.

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí: kí wọ́n ya àwòrán ilé tán kí afọ́jú kankan tó mọ̀ sí i. Àwọn ayàwòrán ilé fẹ́ràn gbàgede gbalasa àti ọ̀nà tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Afọ́jú tó dé lánàá, tí kò tíì gba ajá, ọ̀pá ló fi ń wá etí ọ̀nà, gbàgede kò sì ní etí. A ní kí wọ́n gbẹ́ àwòrán náà sórí igi. Ìyá kan tó ti lo ajá rí fi ìka tọ ọ̀nà láti yàrá tí wọ́n yàn fún un títí dé ibi tí ajá ti ń yàgbẹ́. Ó ka ilẹ̀kùn mẹ́rin àti àtẹ̀gùn kan. Ó ní, “Ṣé àfẹ̀mọ́júmọ́ nínú yìnyín ni mo fẹ́ máa gba gbogbo èyí, pẹ̀lú ajá tí kò tíì mọ̀ mí?” Wọ́n yí i padà. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tó ṣí síta báyìí.

Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ bi kọngilá léèrè ibi tí àwọn ajá máa sùn nígbà tó bá ń wó ilé àtijọ́. Ajá tó ń kọ́ṣẹ́ kò lè máa gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń fọ́ sìmẹ́ǹtì fún oṣù mẹ́fà. Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé.