Ṣé ọmọ lè jogún oko bàbá tó ti Jámánì wá sí Pennsylvania?

Ẹ ń béèrè bóyá, kí Amẹ́ríkà tó gba òmìnira, ọmọ lè jogún oko bí bàbá rẹ̀ tó ti Jámánì wá bá kú láìtíì di ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Lábẹ́ òfin, rárá. Àjèjì lè fowó ra ilẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò ka ẹnikẹ́ni sí àrólé rẹ̀, kódà bó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí. Tó bá kú, ìjọba lè gba ilẹ̀ náà. Ẹ rò ó wò: igbó tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gé! Ó ká mi lára.

Ìbúra ìtẹríba fún ọba tí àwọn ará Jámánì ń ṣe ní Philadelphia, èbúté Pennsylvania, láti 1727, bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò sọ wọ́n di ọmọ ìlú. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣi èyí mú. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1740 ló là wọ́n lọ́nà: kí èèyàn ti gbébẹ̀ fún ọdún 7, kó gba Oúnjẹ Olúwa ní ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, kó sì búra ní kóòtù. Ṣílè 2 ni owó ìwé ẹ̀rí. Àwọn Mennonite, ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì kan, kì í búra rárá. Òfin 1747 gbà kí irú wọn kàn jẹ́jẹ̀ẹ́.

Bí bàbá tó ti di ọmọ abẹ́ ọba bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ìpín méjì ni ti àkọ́bí ọkùnrin, àwọn àbúrò gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kọ ọ́ sábà máa ń gbé oko fún ọmọkùnrin kan, kí ó máa san owó fún àwọn tó kù, kí ó sì máa fún ìyá ní yàrá, igi ìdáná àti àlìkámà lọ́dọọdún.