Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún ló yẹ ká ra aṣọ fọ́mọ lókè òkun?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ìlú Birmingham ni èmi àti ọkọ mi wà, ọmọ Pàkátà ní Ìlọrin ni mí. Ọmọ mẹ́ta la bí: obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, àti ìbejì ọmọ ọdún méje. Nígbà tí àwa ń dàgbà, a mọ ìgbà tí aṣọ tuntun ń dé: Ìtúnu, Iléyá, àti yunifọ́ọ̀mù tí iléèwé bá fẹ́ wọlé. Níbí, kò sí oṣù tí wọn kì í lu ọjà ní gbàǹjo, àkọ́bí mi sì ń sọ pé oṣooṣù làwọn ọ̀rẹ́ òun ń wọ tuntun. Mò ń rà, mò ń rà, kọ́bọ́ọ̀dù kún, síbẹ̀ tí òde bá dé, èmi fúnra mi kì í rí nǹkan wọ̀. A ń lọ sílé fún Iléyá, Màámi sì ti sọ lórí fóònù pé ojú òun ò ní gbà á kí àwọn ọmọ wọ aṣọ àná lọ sí Yídì. Ẹ̀ẹ̀melòó gan-an ló yẹ kéèyàn máa ra aṣọ lọ́dún? Ṣé kí n rán tàwọn ọmọ níbí ni, àbí kí n dúró dé Ìlọrin?

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o, Ọlọ́run yóò bá wa wò wọ́n. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìlú Leeds ni mo ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, àbígbẹ̀yìn wọn ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ohun tí ẹ ń sọ yìí yé mi. Ọdún kejì tí a dé ibí ni mo ra kóòtù òtútù méjì pọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́rin, nítorí wọ́n dá owó rẹ̀ sí méjì. Nígbà tí òtútù máa fi padà dé, apá rẹ̀ ò wọ inú ìkejì mọ́, bébà iye owó ṣì so mọ́ ọn lọ́rùn. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, torí mo mọ iye òru tí ọkọ mi fi ṣiṣẹ́ kó tó rí owó kóòtù yẹn.

Látìgbà náà ni mi ò ti ka oṣù mọ́. Ara ọmọ ni mò ń wò. Ọmọ jòjòló máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 ga láàárín ọdún kan àkọ́kọ́, ìdí tí aṣọ rẹ̀ fi ń yí ìwọ̀n ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta nìyẹn. Àmọ́ tó bá ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ìdàgbà rẹ̀ á rọra, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 lọ́dún, títí dìgbà tó bá fẹ́ bàlágà. Ibẹ̀ làwọn ìbejì yín wà. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ọrùn aṣọ wọn wò. Lára ọ̀pọ̀ aṣọ, ẹ ó rí 116, 122, 128. Gíga ọmọ ní sẹ̀ǹtímítà nìyẹn, mẹ́fà mẹ́fà ló sì fi ń lọ, tó túmọ̀ sí pé ìwọ̀n kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọmọ fún odindi ọdún. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó láti tú ẹrù wọn wò: ìparí oṣù Kẹjọ kí iléèwé tó wọlé, àti oṣù Kẹrin tí òtútù bá ń lọ. Èyí tó bá há tàbí tó ya nìkan ni kí ẹ fi òmíràn rọ́pò. Bàtà ló yàtọ̀. Ẹ máa fọwọ́ tẹ orí bàtà wò níbi ọmọńka ẹsẹ̀ wọn ní oṣù méjì sí mẹ́ta, torí ọmọ kì í sọ pé bàtà ń há òun tó bá ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ti àkọ́bí yín ló gba sùúrù. Ọmọbìnrin tó ń bàlágà lè fi sẹ̀ǹtímítà 8 ga lọ́dún kan ṣoṣo, ẹ má ra púpọ̀ sílẹ̀ dè é. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ sì rántí pé ìjọba kì í gba VAT, ìyẹn owó orí ọjà, lórí aṣọ ọmọdé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí ti àgbà. Níwọ̀n ìgbà tí aṣọ ọmọ ọdún mẹ́tàlá bá ṣì gbà á, ẹ má tíì mú un yà síbi tí wọ́n kó ti àgbà sí. Ti yunifọ́ọ̀mù, òfin ọdún 2021 lórí owó yunifọ́ọ̀mù ló mú kí ìjọba ní kí iléèwé rí i pé àlòkù wà fún òbí tó bá fẹ́. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì wọn, kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ má bá a jà. Ọmọ ọdún méjìlá fẹ́ kí ẹgbẹ́ gba tòun, àwa náà fẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ ọdún nígbà tiwa. Ohun tí mo ṣe fún tèmi ni pé mo kó owó aṣọ sáà kan lé e lọ́wọ́, mo ní tó bá tán, ó tán. Ọ̀sẹ̀ kìíní ló ná gbogbo rẹ̀ sórí jákẹ́ẹ̀tì kan. Ó sunkún nínú oṣù kejì, mi ò fi kún un, ó sì dun èmi náà. Nígbà tí sáà mìíràn dé, òun fúnra rẹ̀ ló wá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ tí aráàlú fi tọrẹ lọ, òkirìkà tí à ń pè é nílé, ó sì ń fi owó jákẹ́ẹ̀tì kan ra aṣọ márùn-ún.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Nínú gbogbo ohun tó kún kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, mélòó ni aṣọ ẹbí? Wọ̀límọ̀, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìwúyè, òde àwa ará Kúárà kì í tán. Aṣọ tí a rán fún ọjọ́ kan ló ń gba àyè aṣọ tí a lè wọ̀ lójoojúmọ́. Ní báyìí, ti ọmọ ìyá, ti ọmọ bàbá àti ti ọ̀rẹ́ kòríkòsùn nìkan ni mò ń rà tán. Tàwọn yòókù, gèlè ni mò ń mú. Èyí tí mo bá sì rà, mo máa ń ní kí wọ́n rán an ní bùbá tó ṣe é wọ̀ sórí ṣòkòtò lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, mo máa ń kó gbogbo tèmi sórí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí òtútù àti oòrùn bá ti kọjá lórí rẹ̀ tí mi ò wọ̀, á kúrò nílé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Iléyá. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 30 oṣù Kẹta la ṣe Ìtúnu, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà la ṣe Iléyá: ọjọ́ 68 péré. Ọmọ ọdún méje, ó pọ̀ jù kó fi sẹ̀ǹtímítà kan ga láàárín wọn. Aṣọ kan náà tó fún ọdún méjèèjì. Ẹ̀sìn ò sì lòdì sí i. Ohun tí àwọn ààfáà kọ́ wa ni pé kéèyàn wọ èyí tó dáa jù nínú aṣọ rẹ̀ lọ sí Yídì.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí dá Màmá lóhùn. Mélòó ni ọdún tí wọ́n ti rí ọmọ ọmọ wọn ní àárọ̀ Iléyá? Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn lọ mú àǹkárá tàbí gínnì ní Ọjà Ọba, àwọ̀ tó wù wọ́n, kí wọ́n sì gbé e fún télọ̀ tiwọn. Aṣọ ni kó tètè dé ọwọ́ télọ̀, nítorí wọ́n máa ń kún bí ọdún bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìwọ̀n ni kí ẹ má tètè fi ránṣẹ́. Mo fi ìwọ̀n ọmọ mi ọkùnrin ránṣẹ́ ní oṣù méje ṣáájú Iléyá kan. A délé, ṣòkòtò ò kan kókósẹ̀, ó sì fi sunkún lójú àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ẹ wọn tiyín nígbà tó bá ku bí oṣù kan. Ẹ sọ fún télọ̀ kó fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó ṣẹ́ ẹ létí tó ìka mẹ́ta, kí ẹ lè tú u sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ má gba funfun fún àwọn ìbejì o, ìgbà òjò ni, ẹ mọ bí ẹrẹ̀ ṣe ń rí.

Tí ẹ bá sì fẹ́ ná owó gidi, aṣọ òkè ni kí ẹ ná an lé. Ìlọrin ni ẹ ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń hun ún. Fìlà fún ọkùnrin, ìborùn fún obìnrin, wọn kì í tètè kéré. Ìyá mi ní ìró ẹtù kan ní Ọ̀fà, wọ́n ti ní in kí wọ́n tó bí mi. Ẹ mọ̀ pé awẹ́ awẹ́ tí kò fẹ̀ ju bí íǹṣì mẹ́rin lọ ni wọ́n ń hun aṣọ òkè kí wọ́n tó rán an pọ̀. Nígbà tí ìyá mi sanra, wọ́n fi awẹ́ méjì kún un. Nígbà tí wọ́n tún gbẹ, wọ́n tú u, awẹ́ tó yọ di ìborùn èmi àti àbúrò mi. Ọmọbìnrin mi ló ń lo tèmi báyìí ní Leeds.

Ẹ kúkú bẹ Màmá kí wọ́n ṣí àpótí wọn fún àkọ́bí yín. Tí káńfọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ fọ aṣọ náà, ẹ sá a sóòrùn dáadáa kó tó wọ̀ ọ́. Tí ìkókó bá wà nínú ẹbí, wọn ò gbọdọ̀ fi aṣọ tó ti bá káńfọ̀ gbé wọ̀ ọ́ rárá. Àìtó èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD wọ́pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwa ará Nàìjíríà, ọmọ tuntun tó bá sì ní in, káńfọ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó sì lè la ẹ̀mí lọ.

Tí ẹ bá dé Pàkátà, ẹ bá mi kí Màmá o.